Benz 230E (W123): kálípà iwájú ọ̀tún ń di dísíkì mú, mo fẹ́ tú u fúnra mi

Ayọ̀ 230E

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Benz 230E ọdún 1982 ni mo ń wà, irú tí wọ́n ń pè ní W123. Kálípà (irin tó ń ti páàdì mọ́ dísíkì nígbà tí a bá tẹ bíréèkì) tí ilé iṣẹ́ ATE ṣe ló wà ní ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Tí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún á gbóná janjan, ti òsì ò ní gbóná tó bẹ́ẹ̀, sítíárí á sì máa fà sí ọ̀tún láìjẹ́ pé mo tẹ bíréèkì. Tí mo bá fi jáàkì gbé e, agbára káká ni táyà fi ń yí. Páàdì tó wà nínú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ kan irin, ti ìta ṣì nípọn dáadáa.

Ẹnì kan ní kí n lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ kí n dè é mọ́ ọn. Ẹlòmíì ní kí n kàn fi kẹrosíìnì fọ písítìn, kí n sì tì í padà sínú. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n tú u fúnra mi, kí n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà inú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ dájú pé kálípà ló ní ẹ̀bi? Kí ni kí n rà sílẹ̀? Ṣé dandan ni kí n ya apá kálípà méjèèjì kúrò lára ara wọn? Báwo sì ni mo ṣe máa yọ písítìn tó ti há? Mo ní fáìsì, kílámù, tọ́ọ̀kì sípánà àti ìdúró irin méjì.

Àgbà Mọ́tò

Ẹ káàbọ̀, Ayọ̀. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, nípù tí a fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde lára kálípà ni ká kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí ẹsẹ̀ yẹn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í di, ẹ gbé e sórí ìdúró irin, ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ orí nípù, kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ kejì bọ inú ìgò, kí ẹ wá tú nípù ní ìdajì yíyí. Bí ọ́ìlì bá fọ́n jáde tí táyà sì fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, á jẹ́ pé pírẹ́ṣọ̀ ló há sínú, kálípà ò mọwọ́mẹsẹ̀. Bí ẹ bá tú u tán tí táyà ṣì le bó ṣe wà, písítìn ló há.

Tó bá jẹ́ pírẹ́ṣọ̀ ló há, ẹ jẹ́ kó tún di lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ dẹ nọ́ọ̀tì páìpù irin níbi tó ti pàdé họ́ọ̀sì lókè, lára ara ọkọ̀. Bí ẹ bá dẹ ibẹ̀ tí táyà fúyẹ́, wàhálà náà wá láti òkè, bíréèkì másítà, ohun tí pẹ́dà ń tì láti fi ọ́ìlì ránṣẹ́ sí àwọn ẹsẹ̀, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí táyà ò bá fúyẹ́ níbẹ̀, àmọ́ tó fúyẹ́ nígbà tí ẹ tú nípù, họ́ọ̀sì ni. Họ́ọ̀sì tó ti pẹ́ máa ń wú nínú, ìta rẹ̀ á sì ṣì dán. Ẹsẹ̀ awakọ̀ lágbára láti ti ọ́ìlì gba ibi tó há yẹn kọjá, àmọ́ kò sí agbára bẹ́ẹ̀ tó máa dá a padà.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ohun tí ẹ sọ nípa páàdì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yín. Kálípà yìí ò ní apá tó ń rìn. Ara rẹ̀ dúró gbọin, písítìn kan wà níhà kọ̀ọ̀kan dísíkì, ọ́ìlì kan náà ló sì ń ti àwọn méjèèjì. Ká ní họ́ọ̀sì tàbí másítà ló ń há pírẹ́ṣọ̀ ni, páàdì méjèèjì ì bá jẹ pọ̀. Ti másítà tiẹ̀ máa ń kan ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ̀ka ọ́ìlì kan ni wọ́n jọ ń lò nínú W123, ti ẹ̀yìn sì dá wà. Tí páàdì kan bá jẹ tán tí èkejì nípọn, inú kálípà ni kí ẹ wò.

Ẹ ṣì ṣe ìdánwò nípù yẹn o. Kò gba àkókò, ó sì máa ń dáàbò bo owó ẹni.

Múfú Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ Àgbà Mọ́tò péye. Èmi á mú un láti ibi rírà.

Ẹ ka orúkọ tó wà lára irin kálípà fúnra rẹ̀, torí W123 gba ATE, ó sì tún gba Bendix, rọ́bà ọ̀kan ò sì wọ èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fẹníà (irin ìwọ̀n tó ń ka mílímítà) wọn ẹnu písítìn. 57 mm àti 60 mm ni a sábà máa ń rí níwájú. Ojú lásán kì í rí ìyàtọ̀ 3 mm yẹn, ẹni tó ń ta ọjà náà sì lè máà bi yín. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ rà fún: ẹni tó bá ṣe ọ̀tún nìkan, ọkọ̀ rẹ̀ á máa fà sí apá kan nígbà tó bá tẹ bíréèkì. Fún kálípà méjì, ẹ nílò síìlì mẹ́rin (rọ́bà roboto tó yí písítìn ká tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò), rọ́bà eruku mẹ́rin, irin roboto mẹ́rin tó ń di rọ́bà eruku mú, họ́ọ̀sì iwájú méjì, nípù méjì, páàdì mẹ́rin, bóòlùtù kálípà tuntun, lítà kan bíréèkì ọ́ìlì DOT 4, agolo méjì tàbí mẹ́ta ohun tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì, àti túbù kékeré kan ọ̀rá písítìn tí ATE ń ṣe. Bí ẹ ò bá rí ọ̀rá yẹn, DOT 4 tó mọ́, tó jáde láti inú ike tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tó.

Ní ti kẹrosíìnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Rọ́bà inú bíréèkì, irú tí wọ́n ń pè ní EPDM, bá bíréèkì ọ́ìlì mu, àmọ́ ọ̀tá rẹ̀ ni kẹrosíìnì, pẹtiróòlù, dísù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gíríìsì àti fasilíìnì. Á mu wọ́n, á wú, á rọ̀, kò sì ní padà sí ìwọ̀n rẹ̀ mọ́. Kálípà tí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ lónìí lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó wá di dísíkì mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mẹ́tílétẹ́dì sípíríìtì ni kí ẹ lò bí ẹ ò bá rí ohun ìfọ̀ bíréèkì.

Ó di títú. Ẹ yọ wáyà kékeré tó ń sọ fún dáṣíbọọ̀dù pé páàdì ti jẹ tán, ẹ fi pọ́ǹṣì lu pín-ìn-nì méjèèjì láti ìta sí inú, ẹ yọ páàdì. Ẹ má tíì tú họ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Kò sí ohun tó ń yọ písítìn tó dára tó bíréèkì ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tú bóòlùtù méjèèjì tó mú kálípà, ẹ fi wáyà gbé e kọ́ kó má baà fi họ́ọ̀sì rọ̀, ẹ ki pákó tó nípọn tó bí 20 mm sí àárín písítìn méjèèjì, kí ẹnì kan máa rọra tẹ bíréèkì. Ẹ wo èyí tó ń jáde àti èyí tí kò mira. Èyí tó fúyẹ́ ni kí ẹ fi kílámù tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí gbogbo agbára lè lọ sára èyí tó há. Tó bá ti jáde dé ẹnu pákó, ẹ yọ kílámù, ẹ dì í mú, kí ẹ jẹ́ kí èyí tó fúyẹ́ náà jáde dé ibì kan náà. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé bí ọ̀kan bá jábọ́ pátápátá, ọ́ìlì á dà nù, kò sì ní sí pírẹ́ṣọ̀ fún èkejì mọ́. Ìdí nìyẹn tí èyí tó há fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ máa da ọ́ìlì sí orí másítà bó ṣe ń lọ sílẹ̀.

Bí méjèèjì bá ti dé ẹnu, ẹ tú họ́ọ̀sì, ẹ dí ẹnu páìpù, kí ẹ fi ọwọ́ yí písítìn jáde. Kí ẹ tó fà á tán, ẹ fi ìṣó fín àmì sára ibi tí apá tó ṣófo lójú písítìn kọjú sí, àti ibi tí irin tó ń dènà ooru wà. Bó ṣe wà ló gbọ́dọ̀ padà.

Bí ẹnì kan bá ti tú họ́ọ̀sì kó tó ka èyí, afẹ́fẹ́ fọganáísà ṣì lè ràn án lọ́wọ́. Kó má ju 30 psi lọ, kí pákó wà láàárín, kí ìka má sì sí nítòsí. Písítìn tó fò jáde lè fọ́ egungun ìka. Tó bá há kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ wá nípù gíríìsì M10×1, ẹ dè é sí ẹnu ibi tí họ́ọ̀sì ń wọ̀, ẹ dí ihò kejì, kí ẹ fi gíríìsì góònù fa gíríìsì sínú rẹ̀. Gíríìsì ò ṣe é fún bí afẹ́fẹ́, nítorí náà písítìn kì í fò, á kàn máa rọra jáde ni. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ fọ gbogbo ọ̀nà ọ́ìlì inú rẹ̀ títí tí kò fi ní ku ẹyọ gíríìsì kan, nítorí ohun tí mo sọ nípa rọ́bà.

Ẹ má ya apá méjèèjì. Rọ́bà roboto kékeré kan wà níbi tí ọ́ìlì ti ń kọjá láti apá kan sí èkejì, kì í sì í sábà sí nínú páálí rọ́bà tí ẹ máa rà. Ohun gbogbo tó yẹ ní fífọ̀ ṣe é fọ̀ láìya wọ́n.

Ayọ̀ 230E

Ẹ ṣé gan-an. Mo tú nípù, táyà ò fúyẹ́. Písítìn méjèèjì ti jáde, bíréèkì ló tì wọ́n. Ti inú ló há. Rọ́bà eruku rẹ̀ ti ya, ìpẹtà sì wà ní etí rẹ̀ níta, pẹ̀lú ihò wẹ́wẹ́ dúdú mẹ́ta lára króòmù, bí 5 mm sí ẹnu tó kan páàdì. Ti ìta mọ́. Ihò inú kálípà ní àbàwọ́n dúdú àti ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀. Ṣé kí n fi sáńpépà dán gbogbo rẹ̀?

Múfú Ìbàdàn

Sáńpépà kọ́, ẹ dúró ná. Ibi tó ṣe pàtàkì kọ́ lẹ ń wò.

Nínú ATE yìí, kòtò síìlì wà lára ihò kálípà, síìlì jókòó sínú kòtò, písítìn ló ń yọ̀ kọjá lára rẹ̀. Torí náà àbàwọ́n ìsàlẹ̀ ihò ò bí síìlì nínú, kò kàn án rárá. Ẹ fi aṣọ àti sípíríìtì nù ún, tó bá le, ẹ fi kànrìnkàn aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń fọ abọ́ rọra fọ̀ ọ́, ó ti tó. Ohun tó ń di dísíkì mú wà nínú kòtò síìlì fúnra rẹ̀.

Ẹ wo bí síìlì ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí sípíríǹgì nínú kálípà. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, písítìn á sún síwájú, á fa etí síìlì tẹ̀ lé e díẹ̀. Tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, síìlì á padà sí ìjókòó rẹ̀, á sì fa písítìn sẹ́yìn ní ìwọ̀n tín-ín-rín. Ìwọ̀n tín-ín-rín yẹn nìkan ló ń gba páàdì kúrò lára dísíkì. Tí ìpẹtà bá ti kó sí ìsàlẹ̀ kòtò, á ti síìlì jáde mọ́ písítìn lára. Síìlì á fún un pinpin, kò ní lè tẹ̀, kò sì ní lè fà á padà mọ́. Ẹni tó pààrọ̀ síìlì láìfọ kòtò ti fi síìlì tuntun sórí ìpẹtà àtijọ́. Bóyá ni oṣù mélòó kan á kọjá kó tó padà síbi tó wà.

Nítorí náà, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí bírásì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ tẹ̀ ní orí yọ síìlì àtijọ́. Ẹ má fi sukudiráífà ṣe é, torí ọgbẹ́ kan ní etí kòtò lè di ojú jíjò. Lẹ́yìn náà, ẹ ha ìsàlẹ̀ kòtò àti igun rẹ̀ méjèèjì yí ká pẹ̀lú bírásì yẹn, ẹ fọn ohun ìfọ̀ sí i, ẹ nù ún, ẹ tún ha á. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i. Títí irin á fi hàn gbangba ní gbogbo àyíká rẹ̀, iṣẹ́ ò tíì tán. Kòtò kejì tó wà níta, tí rọ́bà eruku ń wọ̀, ẹ ṣe é bákan náà, torí bí ìpẹtà bá ga níbẹ̀, irin roboto ò ní jókòó, omi á sì wọlé.

Ó kan písítìn. Ẹ fa èékánná kọjá lórí ihò wẹ́wẹ́ yẹn. Bí èékánná bá kọ́ sí i, písítìn yẹn ti parí iṣẹ́. Ibi tó wà yẹn gan-an ni ibi tó burú jù. Nígbà tí páàdì bá tinrin, písítìn ti jáde, etí rẹ̀ níta wà lábẹ́ rọ́bà eruku, kò kan síìlì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi páàdì tuntun sí i, tí ẹ ti písítìn wọlé pátápátá, ibi tó dípẹtà níta yẹn ló máa wá bọ́ sábẹ́ síìlì. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé páàdì tuntun ló ba bíréèkì àwọn jẹ́. Páàdì ò ṣe nǹkan kan, ìpẹtà ni wọ́n tì kọjá síìlì.

Sáńpépà á bó króòmù, irin abẹ́ rẹ̀ á sì dípẹtà kíákíá. Ẹ ra písítìn tuntun méjì fún kálípà yẹn. Ti irin tí kì í dípẹtà náà wà lọ́jà, ó sì dára, bí ìwọ̀n rẹ̀ àti kòtò rọ́bà eruku rẹ̀ bá ṣáà bá ti ATE mu.

Káyọ̀dé Ṣómólú

Èmi rò pé ẹ ń dá ara yín láàmú. Kálípà tòkunbọ̀ méjì á ti parí ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ kan.

Àgbà Mọ́tò

Káyọ̀dé, mo gbọ́ yín, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ tí irin kálípà bá ti fọ́ tàbí tí ojú ibi tí nípù ń wọ̀ bá ti já. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó lo kálípà yẹn kẹ́yìn ti pẹ́ bíi ti Ayọ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ti pẹ́ bákan náà, wọ́n sì ti tú ọ́ìlì inú rẹ̀ dànù kó tó wọ kọ̀nténà. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ti wọ ẹnu rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ tú u, kó fọ kòtò rẹ̀, kó pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, owó kálípà ló wá lé e. Ànfààní kan tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè rí písítìn tó mọ́ nínú rẹ̀. Bí Ayọ̀ ò bá tètè rí písítìn tuntun, ọ̀nà kan nìyẹn, kó ṣáà wọn ẹnu wọn pẹ̀lú fẹníà kó tó sanwó.

Títí W123

Ẹ jẹ́ kí n fi ti títò padà àti lílé afẹ́fẹ́ kún un, torí iṣẹ́ tó dára lórí tábìlì lè bàjẹ́ níbẹ̀.

Ẹ fi DOT 4 ra síìlì, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò, kí ẹ fi ìka yí i ká láti mọ̀ pé kò lọ́ níbì kankan. Ẹ fi ọ̀rá ATE díẹ̀ sára síìlì àti písítìn. Àtàǹpàkò méjèèjì ni kí ẹ fi ti písítìn wọlé, kó dúró ṣánṣán. Ó yẹ kó wọlé pẹ̀lú ìlọ́ra díẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ má fi kílámù fipá mú un, torí písítìn tó wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gé etí síìlì. Ẹ dá a padà sí àmì tí ẹ fín, kí ẹ tó fi rọ́bà eruku àti irin roboto sí i.

Ẹ má pààrọ̀ ọ̀tún sí òsì. Nípù gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà tí kálípà bá wà lára ọkọ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀, ẹ lè da lítà mẹ́ta ọ́ìlì gbà á kọjá, afẹ́fẹ́ tó wà lókè ihò ò ní jáde, bíréèkì á sì máa rọ̀ bíi fùkẹ̀. Lórí tọ́ọ̀kì sípánà, bóòlùtù kálípà iwájú gba 115 Nm, ti ẹ̀yìn gba 90 Nm. Ẹ de họ́ọ̀sì mọ́ kálípà kí ẹ tó so orí rẹ̀ kejì mọ́ páìpù, kó má baà lọ́, kí ẹ sì yí sítíárí dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì láti rí i pé họ́ọ̀sì ò kan táyà.

Fún lílé afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn òsì, lẹ́yìn náà iwájú ọ̀tún, kí ẹ parí sí iwájú òsì. Ẹ ki igi kékeré sábẹ́ pẹ́dà kó má lè kan ilẹ̀ ọkọ̀. Nínú másítà tó ti pẹ́, rọ́bà rẹ̀ ti ń rìn níbì kan náà fún ọdún pípẹ́, ìdọ̀tí àti ìpẹtà sì ti kó jọ síwájú ibẹ̀. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà dé ilẹ̀, rọ́bà á gun orí ìdọ̀tí yẹn, á ya, kí ẹ tó mọ̀, másítà ti ń jò. Ọ̀pọ̀ másítà ló bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lé afẹ́fẹ́, kì í ṣe ṣáájú.

Ẹ lé ọ́ìlì àtijọ́ jáde títí ti tuntun á fi dé nípù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. DOT 4 máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni pé tuntun ò gbọdọ̀ hó kó tó kọjá 230 °C, àmọ́ tó bá ti mu omi, 155 °C ni òṣùwọ̀n yẹn béèrè. Omi kan náà ló ń mú kí kòtò síìlì dípẹtà láti inú. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ike tó ti wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ má lò ó. Bí ọ́ìlì bá kán sára ọ̀dà ọkọ̀, ẹ da omi sí i kíákíá, torí ó ń bó ọ̀dà.

Ayọ̀ 230E

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: rọ́bà tí mo rà ò ní orúkọ lára. Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo lè fi dán an wò kó tó wọ inú kálípà?

Múfú Ìbàdàn

Ó wà, bí ẹ bá ní síìlì kan lé. Ẹ wọn ìnípọn rẹ̀ pẹ̀lú fẹníà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ sínú ife DOT 4, ẹ bò ó, kó sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ti nípọn sí i dáadáa, tó rọ̀, tàbí tó fi dúdú sílẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ dá gbogbo páálí rẹ̀ padà. Tí kò bá yí padà, ìyẹn nìkan ò sọ ọ́ di ojúlówó, àmọ́ èyí tó bá kùnà kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Fún síìlì bíréèkì, èmi á gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi owó díẹ̀ kún un, kí ẹ ra èyí tó ní orúkọ.

Tí ẹ bá tò ó tán, ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, torí páàdì ò tíì kan dísíkì, títẹ̀ àkọ́kọ́ á sì lọ wọ̀ọ̀ ni. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó dá, ẹ wà á dé 50 km ní wákàtí kan, ẹ rọra tẹ bíréèkì títí eré á fi wálẹ̀ sí bí 10 km, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ fún un láyè láti tutù láàárín, kí páàdì lè bá dísíkì mu. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀ láìtẹ bíréèkì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ irin ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ó yẹ kí ooru wọn dọ́gba. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún wo òkè másítà bóyá ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ funfun nu abẹ́ rọ́bà eruku mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.